Kọ́lá, gbé fóònù àbúrò ẹ

Kọ́lá ọ̀rẹ́ mi,

Báwo ni òtútù Toronto, ṣé ara le, ìyàwó ńkọ́? Mo gbọ́ ohùn tó o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, pé àbúrò ẹ ní Ìṣẹ̀ṣe lòun ń ṣe báyìí, o wá ní o ò ní gbé fóònù ẹ̀ mọ́ títí orí ẹ̀ á fi wálé. Má bínú o, àmọ́ tí mi ò bá lè sọ òótọ́ fún ẹ, kí la wá ń bára wa ṣọ̀rẹ́ fún.

O ò dáhùn ìbéèrè tó bi ẹ́. Ó ní tí tẹ́sítímónì tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì bá tó ẹ̀rí, kí ló dé tí ti ẹni tó lọ sọ́dọ̀ babaláwo tí ọ̀nà ẹ̀ là ò ní tó? Ìbéèrè gidi ni. "Èṣù ló ń lò ẹ́" kì í ṣe èsì, o kàn fi pa á lẹ́nu mọ́ ni.

Bíṣọ́ọ̀bù Crowther ló ń wá sí mi lọ́kàn. Nígbà tó ṣì kéré ní Sàró, líle ló máa ń fi bá àwọn mùsùlùmí jiyàn, kò sì rí èrè kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ààfin Ẹ́mírì Ìlorin ní 1872, bí wọ́n ṣe ń bi í léèrè, Bíbélì Yorùbá ló ṣí tó ń ka èsì fún wọn, ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ti pàdé ló sì máa ń wá, bíi ti Jésù tí wúńdíá bí, àti áńgẹ́lì Gébúrẹ́lì táwọn ń pè ní Jibrílù. Kò fi ìgbàgbọ́ ẹ̀ pamọ́, kò sì ṣe bí ẹni pé àwọn tó jókòó níwájú ẹ̀ ò ní làákàyè. Ìyẹn wù mí gan-an.

Mi ò ní kó o fi Jésù sílẹ̀ o, èmi náà ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣáà pè é, jẹ́ kó sọ ohun tó gbà gbọ́, kó o wá tún un sọ títí táá fi ní "ẹn-ẹ́n, ohun tí mò ń wí gan-an nìyẹn." Ìgbà yẹn ni kó o tó bi í pé kí ló lè yí èrò ẹ̀ padà, kó o sì múra, torí á bi ìwọ náà. Tí kò bá sí nǹkan kan tó lè yí tìẹ padà, sọ fún un bẹ́ẹ̀, kó yé e pé kì í ṣe iyàn lẹ jọ ń jà.

Mọ́mì yín ti gbọ́ o, wọn ò fẹ́ kó dé Kérésì. Tó o bá ti pè é, fi tó mi létí.

Ọ̀rẹ́ ẹ,
Wálé