Lẹ́tà sí Ẹ̀gbọ́n Mi, Lórí Abọ́ Balti Kan ní Birmingham

Ẹ̀gbọ́n mi,

Abọ́ irin yín ni mo rí lánàá nígbà tí a ń pín ẹrù yín. Ìdí rẹ̀ ti dúdú, etí rẹ̀ méjèèjì ti wọ́, ó sì fúyẹ́ bí ìdérí ìkòkò. Bí mo ṣe gbé e lọ́wọ́ báyìí ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn sọ sí mi lọ́kàn.

Ẹ rántí ilé oúnjẹ tí a lọ ní Sparkbrook, àdúgbò kan ní ìlú Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Balti la béèrè, ìyẹn ọbẹ̀ ẹran eléròjà tí wọ́n ń sè nínú abọ́ irin. Abọ́ tí wọ́n gbé wá ń dán yinrinyinrin. Ọbẹ̀ inú rẹ̀ ń ru èéfín, ṣùgbọ́n ẹ fọwọ́ kan etí abọ́, ẹ ní, "Ó tutù." Ẹ ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi lọ kọ ọ́ síta pé ibẹ̀ dára, mo fún wọn ní ìràwọ̀ 4 nínú 5.

Ẹ̀yin lẹ jàre. Inú abọ́ tí wọ́n fi se balti náà ni a ti ń jẹ ẹ́, a ó sì máa fi náànì, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn, bù ú. Irin fẹ́lẹ́ ni abọ́ náà, iná ńlá máa ń tètè mú un. Òróró ni wọ́n ń lò, kì í ṣe ghee, ìyẹn bọ́tà tí wọ́n yọ́. Ẹran tí kò léegun ni, kó lè tètè jinná. Bí àwọn ará Pakistan ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Birmingham láàárín ọdún 1970 sí 1979 nìyẹn. Èyí tí wọ́n bá sè sínú ìkòkò ńlá, tí wọ́n wá bù sínú abọ́ dídán tó tutù, híhó ló hó, kò dín. Ẹni tó mọ ọbẹ̀ ata mọ ìyàtọ̀ méjèèjì.

Gbogbo ìyókù tí ẹ kọ́ mi ni mo ṣì ń tẹ̀ lé. Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ló ní omi ọbẹ̀ kan ṣoṣo fún gbogbo ọbẹ̀ wọn: àlùbọ́sà rẹpẹtẹ, aáyù, atalẹ̀ àti tòmátì díẹ̀, tí wọ́n sè rọ̀ tí wọ́n sì lọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń ní ká béèrè korma, ọbẹ̀ tí kò ta, àti madras, èyí tó ta, pa pọ̀. Omi ọbẹ̀ yẹn kọ́ ló ń ba nǹkan jẹ́. Bí alásè ò bá dín èròjà nínú òróró kó tó bù ú sí i, lẹ́búlẹ́bú tútù yẹn á máa ha ni lọ́fun nínú méjèèjì.

Aáyù díndín orí tarka dal, ọbẹ̀ ẹ̀wà lẹ́ńtì, gbọ́dọ̀ pọ́n bí àkàrà. Tó bá ti dúdú, gbogbo abọ́ ti korò, kò sí àtúnṣe. Ti biryani, ìyẹn ìrẹsì ẹlẹ́ran eléròjà, àwọ̀ ni kí n kọ́kọ́ wò. Ìrẹsì tí wọ́n sè dé ààbọ̀, tí wọ́n tò lé ẹran, tí wọ́n fi ìyẹ̀fun pípò dí ẹnu ìkòkò rẹ̀, ẹyọ kan á funfun, òmíràn á pọ́n. Bí gbogbo rẹ̀ bá pọ́n dọ́gba, wọ́n kàn ro ó pọ̀ mọ́ ọbẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tí ẹ ò bá mi wí? Lórí aáyù tó jóná, ẹ máa ń pariwo. Lórí abọ́ yẹn, ẹ dákẹ́. Ẹ ka ohun tí mo kọ, ẹ sì jẹ́ kí àwọn èèyàn fi owó wọn tẹ̀ lé ẹnu mi. Ṣé ẹ rò pé mi ò ní gbọ́ ni?

Ní báyìí, dókítà ti ní kí n dín iyọ̀ kù nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Oúnjẹ tí iyọ̀ rẹ̀ ṣe déédéé fún ẹlòmíì ti ń níyọ̀ jù lẹ́nu mi. Tẹ́lẹ̀, ojú yín ni mo máa ń wò kí n tó kọ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo ń padà síbẹ̀. Etí abọ́ ni n ó kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. N ó béèrè korma àti madras, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àga kan ṣoṣo ni mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀ fún mi.

Àbúrò yín