Hotspot Tòkunbọ̀ Kò Bàjẹ́, Títì Ni Wọ́n Tì Í

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi èyí tó àwọn tó ń ra Samsung tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà létí. Ẹni tó rà á á tan hotspot, láptọ́ọ̀pù á rí i, á wọlé, ṣùgbọ́n íntánẹ́ẹ̀tì kò ní wá. Ẹni tó tà á á ní nẹ́tíwọ̀kì ni kò dáa. Nẹ́tíwọ̀kì wo? Ṣebí data ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù náà fúnra rẹ̀.

Owó ọ̀tọ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì Amẹ́ríkà fẹ́ máa gbà lórí hotspot. Wọ́n wá ṣètò fóònù tí wọ́n ń tà kí data hotspot máa gba APN (ọ̀nà tí fóònù ń gbà dórí íntánẹ́ẹ̀tì) mìíràn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ dun, kí wọ́n lè kà á lọ́tọ̀. Síìmù tiwa kò ní i. Fóònù á wá a títí, kò ní rí i.

Ẹ wọ Settings, Connections, Mobile networks, Access Point Names. Ẹ tẹ APN tí ẹ ń lò, web.gprs.mtnnigeria.net ni ti MTN. Níbi APN type, ẹ kọ default,supl,dun láìfi àlàfo sí i. Ẹ tẹ Save, ẹ yan APN náà, ẹ tan Airplane mode, kí ẹ tún pa á. Bí kò bá gbà kí ẹ kọ nǹkan síbẹ̀, ẹ fi Add ṣe tuntun. Tó bá ṣì ń ṣagídí, ẹ wọ About phone, Software information nínú Settings, ẹ tẹ Build number lẹ́ẹ̀méje, ẹ tan USB debugging nínú Developer options tó máa yọjú, ẹ so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà tó ní adb (irinṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà fi ń pàṣẹ fún fóònù Android), kí ẹ kọ:

adb shell settings put global tether_dun_required 0

Tí ẹ bá ṣe factory reset, ẹ ó tún un ṣe.

Tó bá jẹ́ pé fóònù ń ní kí ẹ pe ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì kí hotspot tó tàn, APN kò lè wò ó sàn. Odin, irinṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń gbé sọ́fítíwíà sórí Samsung, ló kù, kí wọ́n fi sọ́fítíwíà U1 (ti fóònù tí kò sí lábẹ́ ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì kankan) rọ́pò ti U (ti fóònù tí ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì tà). Gbogbo ohun tó wà nínú fóònù ló máa lọ, ẹ kọ́kọ́ kó fọ́tò yín pamọ́.

Àṣà àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì Amẹ́ríkà ni. Ní 2004, Verizon, ọ̀kan lára wọn, ta fóònù Motorola V710 tó ní Bluetooth, àmọ́ wọ́n dí ọ̀nà tó fi ń gbé fọ́tò lọ sórí kọ̀ǹpútà, nígbà tó jẹ́ pé wọ́n ń gbowó lórí fọ́tò téèyàn bá gba nẹ́tíwọ̀kì wọn fi ránṣẹ́. Àwọn oníbàárà pè wọ́n lẹ́jọ́ ní California. Ní 2012, àjọ FCC tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀ ní Amẹ́ríkà gba $1.25 mílíọ̀nù lọ́wọ́ Verizon lórí ọ̀rọ̀ hotspot yìí gan-an: Verizon ní kí Google má jẹ́ kí àwọn oníbàárà wọn rí áàpù tó ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, torí $20 lóṣù ni wọ́n ń gbà lórí rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tà á ní Computer Village, ẹ kọ nọ́ńbà módẹ́ẹ̀lì tán pátápátá sára páálí, bíi SM-G991U tàbí SM-G991U1, kí ẹ sì jẹ́ kí oníbàárà fi síìmù tirẹ̀ dán hotspot wò kó tó sanwó.

Atúnfóònùṣe kan,
Ìkẹjà