Àbẹ̀kẹ́, èrè ọdún kan kò tó fi díye lé ìpín

Òmù-Àrán,
Ìpínlẹ̀ Kwara.
Ọjọ́ 7, Oṣù Kejìlá, 2025.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Àwa náà wà níbí. Ara bàbá rẹ ti yá sí i, ó ti ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sí oko. Ọyẹ́ ti dé, kájú sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ òdòdó.

Ọ̀rọ̀ tí a sọ lórí fóònù ní ọjọ́ Ẹtì kò kúrò lọ́kàn mi. O ní o ti tọ́jú mílíọ̀nù méjì náírà, pé gbogbo rẹ̀ lo fẹ́ fi ra ṣíà, ìyẹn ìpín, báńkì kan, nítorí pé èrè tí báńkì náà jẹ lọ́dún tó kọjá pọ̀ débi pé iye tí wọ́n ń ta ìpín kan kò ju ìlọ́po mẹ́rin èrè rẹ̀ lọ. O ní, "Màámi, ọ̀pọ̀ ni wọ́n ń tà á, ẹ má jẹ́ kó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́." Mo dákẹ́, o sì rò pé fóònù ló já. Kò já. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe èyí tí mo lè fi ìṣẹ́jú méjì dáhùn ni, ìdí nìyí tí mo fi mú bírò.

Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Jẹ́ kí n wo ẹ̀yìn díẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2008, kò sí yàrá olùkọ́ tí wọn kì í ti í sọ̀rọ̀ ṣíà. Àwọn báńkì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìdàpọ̀ tí CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, pa láṣẹ, èyí tó sọ báńkì 89 di 25 ní ìparí ọdún 2005. Owó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ń ta ìpín tuntun lọ́tùn-ún lósì. Èmi náà gba ìwé ìṣirò ọdọọdún báńkì kan. Mo rí i pé èrè rẹ̀ ti di ìlọ́po méjì láàárín ọdún kan ṣoṣo, mo fi èrè ọdún yẹn pín iye tí wọ́n ń ta ìpín, inú mi dùn, mo sì lọ yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwa olùkọ́. Ní Oṣù Kẹta ọdún náà ni atọ́ka ọjà ìpín wa, nọ́ńbà tó ń fi hàn bí gbogbo ìpín ṣe wọ́n tó, gòkè dé 66,000. Nígbà tó fi máa di Oṣù Kẹta 2009, ó ti já wálẹ̀ sí nǹkan bíi 20,000. Ìpín tí mo rà ní náírà 30, ojú mi ló ṣe tó di náírà 2, báńkì náà fúnra rẹ̀ kò sì sí mọ́ lónìí. Ọdún mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń yọ gbèsè yẹn nínú owó oṣù mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tú etí aṣọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ tí mo sì ń tún un rán dípò kí n ra tuntun. N kò sọ ọ́ fún ọ rí. Ìwé ẹ̀rí ìpín náà ṣì wà nínú àpótí irin abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, etí rẹ̀ ti pọ́n bí ewé àgbàdo inú ẹ̀ẹ̀rùn.

Ohun tó ń dùn mí jù níbẹ̀ ni pé mo ti mọ ọgbọ́n tí ì bá gbà mí kí n tó ra ìpín yẹn. Bàbá mi àgbà, tó gbin kájú títí tó fi kú, ti kọ́ mi lórí ẹní.

Ọkùnrin kan ló fẹ́ ta oko kájú rẹ̀ lójú ọ̀nà Àrán-Ọ̀rin. Ó ní àpò 22 ni òun kó lọ́dún tó kọjá, pé kí bàbá wá sanwó oko àpò 22. Bàbá bi í pé, "Ti ọdún tó ṣáájú ìyẹn ńkọ́? Èyí tó ṣáájú rẹ̀ ńkọ́?" Ọkùnrin náà ní ìwé tó ń kọ ọ́ sí. Bàbá ní kí n máa kà á síta. Bí mo ṣe ń ka ọdún kọ̀ọ̀kan, ó ń to kóró kájú sórí ẹní, kóró kan fún àpò kan, ọdún kan ní ìlà kan. Ìlà kan gùn, ó jẹ́ 22. Ọdún tí òjò àìrọ̀tẹ́lẹ̀ gbọn òdòdó dànù, 6 péré ni. Ọdún tí iná ìgbẹ́ wọ apá kan oko, 4. Ìlà mẹ́wàá pé, kò sí méjì tó dọ́gba. Bàbá wá fi ọwọ́ méjèèjì gbá gbogbo rẹ̀ jọ sáàárín, ó sì tún un pín sí òkìtì mẹ́wàá tó dọ́gba. Òkìtì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 11. Ó gbójú sókè, ó ní, "Oko àpò mọ́kànlá lo ní, ọ̀rẹ́ mi. Owó oko àpò mọ́kànlá ni màá san." Wọ́n jọ dúnàádúrà títí ilẹ̀ fi ṣú, iye yẹn náà ni wọ́n sì fẹnu kò sí. Oko yẹn ni a fi rán ọ lọ sí yunifásítì.

Àbẹ̀kẹ́, ìpín tí o fẹ́ rà kò yàtọ̀ sí oko. Kì í ṣe èrè ọdún tó kọjá lò ń rà, ìyẹn ti lọ. Èrè ọdún tí kò tíì dé lò ń rà. Ọdún kan ṣoṣo kò sì lè sọ fún ọ bí àwọn ọdún yẹn yóò ṣe rí.

Ohun kan wà tí bàbá kò ní ìdí láti rò nígbà náà. Àpò kájú àtijọ́ àti àpò kájú òní, àpò náà ni. Náírà kò rí bẹ́ẹ̀. Náírà 2 tí ilé iṣẹ́ kan jẹ lérè ní 2015, bí o bá kó o mọ́ náírà 2 ti 2024, kóró kájú àti kóró àgbàdo lo dà pọ̀ yẹn. O gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ owó ọdún kọ̀ọ̀kan di owó ìsinsìnyí kí o tó pín in dọ́gba.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ti ṣe iṣẹ́ lórí èyí. Láti ọdún 1934 ni Benjamin Graham àti David Dodd ní Amẹ́ríkà ti ń gba àwọn tó ń ra ìpín nímọ̀ràn pé kí wọ́n wá ìpíndọ́gba èrè ọdún márùn-ún, méje, tàbí mẹ́wàá. Ọdún 1988 ni Robert Shiller àti John Campbell wá yọ ọ̀wọ́ngógó kúrò nínú èrè ọdún kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó pín in, wọ́n sì fi ìpíndọ́gba náà pín iye ìpín. CAPE ni orúkọ tí wọ́n ń pè é báyìí. Ohun tí wọ́n rí ni pé nígbà tí ìlọ́po yìí bá ti ga jù, èrè tí ẹni tó rà á máa ń rí lọ́dún mẹ́wàá tó tẹ̀lé e kì í pọ̀. Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bíi 17 ni ìpíndọ́gba rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ wá. Ní ìparí 1999, ó gun orí 44. Nígbà tó fi máa di Oṣù Kẹwàá 2002, ọjà ìpín wọn ti pàdánù bí ìdajì.

Jẹ́ ká ṣe é pọ̀. Ká ní èrè báńkì tìrẹ lórí ìpín kan lọ́dún tó kọjá jẹ́ náírà 20, tí wọ́n sì ń tà á ní náírà 80. Ìlọ́po mẹ́rin, bí o ṣe wí. Wá padà sẹ́yìn. Ká ní lọ́dún kan báyìí, èrè rẹ̀ jẹ́ náírà 2, tí atọ́ka iye owó ọjà tí NBS, àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀, ń gbé jáde sì wà ní 200. Lọ́dún tó kọjá atọ́ka náà ti di 600. Ìlọ́po mẹ́ta nìyẹn, nítorí náà náírà 2 ọjọ́un jẹ́ náírà 6 ti lọ́dún tó kọjá. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tó ṣáájú. Ká ní àpapọ̀ wọn wá jẹ́ 60. Fi 20 kún un, ó di 80. Pín in sí mẹ́wàá, náírà 8. Náírà 8 yìí ni òkìtì kọ̀ọ̀kan. Fi pín 80 tí wọ́n ń ta ìpín: ìlọ́po mẹ́wàá. Ìpín tí o pè ní ọ̀pọ̀ ti fi ìlọ́po méjì ààbọ̀ wọ́n ju bí o ṣe rò lọ.

Tún wo òdìkejì rẹ̀. Bí o bá pín in láì sọ owó àtijọ́ di tòní, tí ọdún mẹ́sàn-án yẹn sì jẹ́ 30 péré nínú ìwé, ìpíndọ́gba rẹ máa jẹ́ 5, ìlọ́po rẹ á wá di 16. Wàá sá fún ìpín tó ṣeé rà. Níbi tí ọjà kì í wọ́n ju díẹ̀ lọ lọ́dún, ìṣirò yìí kì í yí nǹkan púpọ̀ padà. Ní Nàìjíríà tiwa, òun gan-an ló ń dáhùn ìbéèrè.

Ṣọ́ra níbi atọ́ka yẹn o. NBS yí ìpìlẹ̀ rẹ̀ padà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025: ọ̀wọ́ngógó tí wọ́n ní ó jẹ́ 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún ní Oṣù Kejìlá 2024 di 24.48 lóṣù tó tẹ̀lé e. Kì í ṣe pé ọjà Àjàṣẹ́-Ìpo rọ̀ lóṣù kan. Kóńgò tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n ni wọ́n pààrọ̀. Má fi nọ́ńbà kóńgò tuntun pín ti kóńgò àtijọ́. Wá oṣù kan tí méjèèjì jọ wà, kí o so wọ́n pọ̀ níbẹ̀.

Ní ti báńkì fúnra rẹ̀, bi ara rẹ pé níbo ni èrè ńlá yẹn ti wá. Ní Oṣù Kẹfà 2023, ìjọba tú náírà sílẹ̀, dọ́là tó wà ní nǹkan bíi náírà 460 sì fò sókè. Báńkì tó bá ní dọ́là lọ́wọ́ ju èyí tó jẹ ní gbèsè lọ, ó kàn tún dọ́là náà kà ní iye tuntun, èrè rẹpẹtẹ sì yọ nínú ìwé. Kò sí oníbàárà tó mú owó yẹn wọlé. CBN fúnra rẹ̀ rí i, ó sì kìlọ̀ ní Oṣù Kẹsàn-án ọdún náà pé báńkì kankan kò gbọdọ̀ fi irú èrè bẹ́ẹ̀ san owó fún àwọn onípìn-ín. Àwọn ilé iṣẹ́ tó jẹ gbèsè dọ́là, àdánù ni tiwọn kọ sílẹ̀ lọ́dún kan náà. Ẹni tó wo 2023 nìkan yóò pe ti àkọ́kọ́ ní wúrà, yóò sì pe ti èkejì ní pàǹtí. Ọdún mẹ́wàá kò ní jẹ́ kí o ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ẹyọ ìpín tí báńkì kan ní síta náà tún máa ń pọ̀ sí i. Ní Oṣù Kẹta 2024, CBN ní kí àwọn báńkì tó ń ṣiṣẹ́ dé òkè òkun ní owó ìpìlẹ̀ tó tó 500 bílíọ̀nù náírà kó tó di ọjọ́ 31, Oṣù Kẹta 2026. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ta ìpín tuntun nítorí rẹ̀. Èrè tí ènìyàn mẹ́wàá ń pín tẹ́lẹ̀, ogún lè máa pín in báyìí. Iye ẹyọ ìpín tó wà lónìí ni kí o fi pín gbogbo èrè àtijọ́.

N kò ní tàn ọ́, ọmọ mi. Ìpíndọ́gba máa ń bo nǹkan mọ́lẹ̀. Oko tí igi rẹ̀ ti darúgbó lè ní ìpíndọ́gba tó dára nítorí ọdún tí wọ́n ṣì lágbára, nítorí náà ka àwọn ìlà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí o tó gbá wọn jọ. Má sì fi ṣe aago. Ní Oṣù Kejìlá 1996, Shiller àti Campbell lọ sọ fún àwọn aláṣẹ báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà pé ìpín ti wọ́n jù. Òótọ́ ni wọ́n sọ, síbẹ̀ ọjà yẹn ṣì gòkè fún ọdún mẹ́ta ó lé kó tó wó. Ó lè sọ fún ọ bóyá nǹkan wọ́n. Kò lè sọ ọjọ́ tí yóò já.

Èyí ló fà á tí n kò fi fẹ́ kí o kó mílíọ̀nù méjèèjì síbì kan. Bí ìṣirò rẹ bá dára, fi ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀. Owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ọdún tó ń bọ̀, má fọwọ́ kàn án rárá, bó ti wù kí ìpín náà dára tó. N kò fẹ́ kí ọmọ-ọmọ mi wọ aṣọ tí wọ́n tú etí rẹ̀.

Lọ sórí ìkànnì ilé iṣẹ́ náà, kí o mú ìwé ìṣirò 2015 títí dé 2024. Tẹ̀ wọ́n sórí ìwé, ojú mi kì í ríran dáadáa lórí fóònù. Nígbà tí ẹ bá dé fún ọdún, a óò jọ ṣe é. Mo ti ṣa kóró kájú gbígbẹ ti ọdún yìí sọ́tọ̀ sínú igbá, ó ju ọgọ́rùn-ún lọ, ẹní sì wà nílẹ̀.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì bá mi gbá àwọn ọmọ mọ́ra.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.