Iṣẹ́ abẹ ìsanrajù: ẹ bi wọ́n léèrè ọdún kẹwàá

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Fọ́tò méjì péré ni àwọn tó ń polówó iṣẹ́ abẹ ìsanrajù máa ń fi hàn wá: ọ̀kan ṣáájú, ọ̀kan lẹ́yìn ọdún kan. Ṣé ọdún kan ni èèyàn ń lò láyé ni?

Ní Sweden, láti 1987, àwọn dókítà tẹ̀ lé èèyàn 2,010 tó ṣe é. Nínú 100 tó ti ní àtọ̀gbẹ tẹ́lẹ̀, àìsàn náà ti kúrò lára 72 lẹ́yìn ọdún 2. Nígbà tó máa fi di ọdún 10, 36 péré ló ṣì bọ́ lọ́wọ́ àìsàn náà. Síbẹ̀, àwọn tí wọ́n ṣe bypass fún (irú iṣẹ́ abẹ yìí tó ń sọ ikùn di kékeré, tó sì ń so ó mọ́ ìfun níwájú) ṣì fi ìdá kan nínú mẹ́rin fúyẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ikú sì dín kù láàárín gbogbo àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ ju láàárín àwọn tí kò ṣe é lọ. Mi ò bá iṣẹ́ abẹ náà jà rárá.

Ìlérí "wàá máa jẹ ohun tó bá wù ọ́" ló ń bí mi nínú. Ẹni tó ṣe bypass, tó wá da ọtí ẹlẹ́rìndòdò sọ́nà ọ̀fun, lè máa làágùn yọ̀bọ̀, kí àyà rẹ̀ máa lù kìkì, kí ikùn máa lọ́ ọ. Fítámì B12, áyọ́ọ̀nù (iron) àti kálísíọ̀mù di lílò títí ayé, pẹ̀lú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́dọọdún.

Nígbà tí ẹ bá tún gba irú ìpolówó bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi wọ́n: ta ni yóò máa ṣe àyẹ̀wò yẹn lọ́dún karùn-ún, èló sì ni?

Nọ́ọ̀sì kan,
Ìbàdàn.