Ìwé ẹ̀bẹ̀ lórí owó ìtanràn tuntun fún ọkọ̀ akẹ́rù

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ wa àti àwọn káńsẹ́lọ̀,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Àwa awakọ̀ akẹ́rù tó ń gbéra láti Àjàṣẹ́-Ìpo lọ sí Ìlọrin, Ọ̀fà àti Òmù-Àrán la kọ̀wé yìí. A gbọ́ pé ẹ fẹ́ fi owó kún ìtanràn ọkọ̀ tí kò bá òfin ààbò mu ní gáréèjì. A ò ní kí ẹ má ṣòfin. Àwa náà la máa ń sin òkú ẹlẹgbẹ́ wa. Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí aláìṣẹ̀ má jìyà ẹlẹ́ṣẹ̀.

Ẹ wo táyà ẹ̀yìn tí wáyà rẹ̀ ti yọ síta, tó jẹ́ pé bí èèyàn bá fọwọ́ pa á, á gún un. Dírẹ́bà ti rí i láti àná, ó ti pe ọ̀gá. Ọ̀gá ní kó ṣì máa lò ó ná. Bó bá kọ̀ tí ò gbéra, ẹlòmíì á ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Nínú ìwé ìtanràn FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, tí a mọ̀, ₦3,000 ni ti táyà tó ti gbó, ₦10,000 ni ti àpọ̀jù ẹrù. Inú owó oúnjẹ dírẹ́bà nirú owó bẹ́ẹ̀ ti ń jáde, ọ̀gá kì í mọ̀ ọ́n lára. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po márùn-ún, táyà yẹn á ṣì wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀.

Ti àpọ̀jù ẹrù, ẹlẹ́rù ló ń pàṣẹ iye àpò, àwọn alábàárù á dì í, dírẹ́bà á dúró máa wò. Kò sí òṣùwọ̀n ní gáréèjì. Ojú la fi ń wọn ẹrù, ká má purọ́.

Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fi gáréèjì sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ọwọ́ yín ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Ẹ jẹ́ kí ọlọ́kọ̀ àti ẹlẹ́rù máa fọwọ́ síwèé kí ọkọ̀ tó jáde. Kí ìtanràn táyà àti bíréèkì jẹ́ ti ọlọ́kọ̀, kí ti àpọ̀jù ẹrù jẹ́ ti ẹlẹ́rù. Ẹni tó bá sá eré àsápajúdé tàbí tó mutí wakọ̀, tiwa nìyẹn, ẹ mú un. Awakọ̀ tó bá sì kọ ọkọ̀ tí ò dáa, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ lẹ iye owó náà mọ́ ẹnu ọ̀nà gáréèjì ní Yorùbá, torí ẹnu lásán la fi ń gbọ́ ọ báyìí, iye tí oníkálukú ń pè sì yàtọ̀.

Kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe àwa, ọlọ́kọ̀ àti ẹlẹ́rù jọ. Kó má bọ́ sí ọjọ́ ọjà o, a ò ní ráyè.

Àwa ni tiyín,
Awakọ̀ akẹ́rù, Àjàṣẹ́-Ìpo