Lẹ́tà sí Alexander Clark, Bàbá Susan, ní Muscatine, Iowa

Bàbá Susan mi,

Ó ti ṣe díẹ̀ tí mo ti dé ibojì yín ní Greenwood. Ìwé kan tí ọmọ mi mú bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ ló rán mi létí yín. Orúkọ àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n máa bá gbá bọ́ọ̀lù lóṣù yìí ló wà níbẹ̀, Susan Clark Junior High sì wà lára wọn. Ó bi mí pé, "Mọ́mì, ta ni Susan Clark?"

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún 12 ni. Ọjọ́ orí Susan gan-an nìyẹn nígbà tí ẹ ní kó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn aláwọ̀ funfun ní oṣù kẹsàn-án 1867.

Mo jókòó, mo sọ ìtàn yín fún un. Mo ní ọmọ ọdún 16 ni yín nígbà tí ẹ dé etí odò Mississippi ní 1842, nígbà tí wọ́n ṣì ń pe Muscatine ní Bloomington. Iṣẹ́ gbàjámọ̀ lẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ ra igbó, ẹ ń ta igi fún àwọn ọkọ̀ ojú omi. Ẹ wà lára àwọn tó dá ìjọ AME, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àwọn aláwọ̀ dúdú, sílẹ̀ níbẹ̀. Ní 1863, nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, ẹ kó ọmọ ogun jọ fún ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú Iowa. Ẹ̀yin náà fẹ́ lọ, ẹsẹ̀ yín ni kò jẹ́.

Ọmọ náà fetí sílẹ̀ títí mo fi dé ibi ẹjọ́. Wọ́n dá Susan padà lẹ́nu ọ̀nà Grammar School No. 2 nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ẹ pe ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ lẹ́jọ́, ẹ borí. Wọ́n pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Iowa tún dá yín láre ní 1868, ọdún 86 ṣáájú ẹjọ́ Brown tí gbogbo ayé mọ̀, èyí tó ní kí wọ́n má ya ilé ẹ̀kọ́ aláwọ̀ dúdú àti ti funfun sọ́tọ̀ mọ́ ní Amẹ́ríkà. Mo rò pé inú ọmọ mi á dùn. Ó ní, "Kí ni Susan sọ nígbà tó délé lọ́jọ́ náà?"

Bàbá, ìbéèrè yẹn ò jẹ́ kí n sùn. Ṣé ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ta ló tẹ̀ lé e? Ṣé ojú ọ̀nà ló ti sunkún ni, àbí ó dúró dìgbà tó rí ìyá rẹ̀? Ìyá Susan ńkọ́, tí wọ́n bí sínú oko ẹrú ní Virginia, ṣé òun gbà pé kó lọ?

Nígbà tí Ààrẹ Harrison ń wá ẹni tó máa lọ ṣojú Amẹ́ríkà ní Liberia ní 1890, ẹ̀yin fúnra yín lẹ lọ, àgbàlagbà ọdún 64, ibà sì pa yín sí Monrovia. Ẹ ò sá. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan ilé ẹ̀kọ́, ẹsẹ̀ Susan ló dé ẹnu ọ̀nà. Mo mọ̀ pé kò sí ẹjọ́ tí ilé ẹjọ́ máa gbọ́ bí wọn ò bá dá ọmọ kan padà. Mo mọ̀ ọ́n, ó sì ń dùn mí síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tèmi rèé. Ilé ẹ̀kọ́ ọmọ mi fún wa ní ìwé kan níbẹ̀rẹ̀ sáà, wọ́n bèèrè èdè tí à ń sọ nílé. Mo kọ Yorùbá. Iowa ni wọ́n bí ọmọ yìí sí, ìwé tó ń kà ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, síbẹ̀ wọ́n mú un kúrò ní kíláàsì ìṣirò tó fẹ́ràn, wọ́n gbé e lọ sí yàrá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà náà, bí mo bá bá a sọ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá mi lóhùn. Mi ò ní pa Yorùbá rẹ́ lórí ìwé yẹn. Ìyẹn ò tiẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀.

Ọjọ́bọ̀ la máa lọ síwájú ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wọn. Ọkọ mi ti kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀ pé ọmọ náà máa sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ló fi ń ṣe ẹ̀rí: "Ṣé kì í ṣe bí Clark ṣe ṣe é nìyẹn?" Ọmọ ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀." Èmi ò ní fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti sọ fún bàbá rẹ̀ pé kó yọ orúkọ ọmọ, kó fi tèmi sí i. Bí wọ́n bá fẹ́ wo ojú ẹni tí wọ́n ṣe é sí, kí wọ́n wo tèmi. Ó ní òun á rò ó.

Ẹ bá mi kí Ìyá Susan. Ẹ bá mi bi í.

Èmi ni,
ìyá ọmọ kan ní Iowa.