Lẹ́tà sí Àǹtí mi tó ń wá tíṣà ìṣirò

Àǹtí mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àìsùn o. Ẹ kú iṣẹ́ alẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ìyá àgbà tó wà lọ́dọ̀ yín. Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ ní ẹ ti pinnu láti ṣe GED, ìdánwò Amẹ́ríkà fún ìwé ẹ̀rí tó dípò ti girama, kí ẹ lè wọ iléèwé àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní LPN. Ẹ ní ọkàn yín balẹ̀ díẹ̀ lórí èdè, sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ àwùjọ, pé ìṣirò nìkan ló ń já yín láyà, kí n bá yín wá tíṣà. Ẹ wá ní, "Ṣé ọjọ́ orí mi yìí ni n ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa jókòó síwájú ọmọdé kó máa kọ́ mi ní ìṣirò?" Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n kàn fi fóònù dáhùn. Mo kọ ọ́ síta, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹ̀gbọ́n wa ní Brooklyn, ní Houston àti ní Maryland ni ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ lọ́kàn tí wọn ò sì lè sọ ọ́ jáde.

Ọdún 1942 ni wọ́n dá GED sílẹ̀, nítorí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí wọ́n wọ Ogun Àgbáyé Kejì láì tíì parí iléèwé girama. Àgbàlagbà tí ohun tó ju agbára rẹ̀ lọ mú kúrò níléèwé ni wọ́n ṣe é fún láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó mú ẹ̀yin kúrò ní SS2, gbogbo ilé ló mọ̀ ọ́n. Bàbá kú, ẹ̀yin ni àkọ́bí, wọ́n mú yín lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá aránṣọ, owó tí ẹ sì rí nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ yẹn la fi san owó WAEC tèmi. Ẹni tó ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ní ìdí kankan láti tijú jókòó níwájú olùkọ́. (Ẹ̀yin mìíràn tó ń ka lẹ́tà yìí, tí ẹ ti ní WAEC tó pé, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ iléèwé tí ẹ fẹ́ wọ̀ bóyá wọ́n á gbà á. Ọ̀pọ̀ ìgbà, kí ilé iṣẹ́ bíi WES bá yín yẹ ìwé ẹ̀rí yẹn wò ti tó, ẹ kò nílò GED.)

Mo mọ̀ pé ẹ ó bi mí pé èmi tí mo ń kọ́ àwọn àgbà ní ìṣirò níbí, kí ló dé tí mi ò lè kọ́ yín. Mo lè kọ́ yín, Àǹtí mi, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó jẹ́ èmi. Ẹ̀yin lẹ pọ̀n mí. Bí nǹkan kan kò bá yé yín níwájú mi, ẹ ó mi orí, ẹ ó ní ó ti yé yín. Mo ń rí i lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tí ọmọ wọn ń kọ́ nílé: wọ́n á fi ohun tó rú wọn lójú pamọ́ fún ọmọ, wọ́n á gbé e wá bá mi ní kíláàsì. Ẹni tí kò mọ̀ yín rí, tí ẹ lè sọ "kò yé mi" fún lẹ́ẹ̀mẹwàá láì wo ojú rẹ̀, ni mo fẹ́ kí ẹ wá. Bó bá ṣe ọmọ ogún ọdún, tó sì ń pè yín lórúkọ gan-an láì fi Àǹtí ṣíwájú, ẹ fojú fò ó. Bí wọ́n ṣe ń ṣe níbí nìyẹn, kò fi bú yín.

Kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ń wá tíṣà fún, ìdánwò ìṣirò náà gba ìṣẹ́jú 115, orí kọ̀ǹpútà ni. Ìbéèrè 5 àkọ́kọ́ nìkan ni ẹ kò ní fi ẹ̀rọ ìṣirò ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀rọ TI-30XS wà lójú kọ̀ǹpútà fún yín. Wọ́n á fún yín ní ojú ewé fọ́múlà pẹ̀lú, torí náà tíṣà tó bá ní kí ẹ máa há fọ́múlà sórí ń fi àkókò yín ṣòfò. Láti 100 dé 200 ni wọ́n ń ka máàkì. Ẹni tó bá gba 145 ti yege. Ó lé díẹ̀ ní ìdajì ìdánwò tó jẹ́ áljẹ́bírà, ìyókù jẹ́ ìdá (fraction), ìpín nínú ọgọ́rùn-ún, ìwọ̀n àti irú wọn. Kò sì sí ẹni tó ní kí ẹ ṣe ìdánwò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́jọ́ kan. Ẹ ṣe mẹ́ta tó yá yín lára, kí ẹ fi ìṣirò ṣe ìkẹyìn. Ní ìpínlẹ̀ New York, ẹni tó ń gbé níbẹ̀ kì í san owó ìdánwò.

Ọ̀rẹ́ yín tó ní ìdánwò TASC lòun ṣe kò parọ́. Ìdánwò yẹn ni New York ń lò dípò GED láti 2014 títí di òpin 2021, kí GED tó padà dé ní 2022. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ má gba ìwé TASC tó fẹ́ fún yín.

Ní ti ibi tí ẹ ó ti wá a, ẹ má tíì san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ilé ìkàwé ìjọba ní Brooklyn lọ́dọ̀ yín, Brooklyn Public Library, ní ibi ìkẹ́kọ̀ọ́ àwọn àgbà ní àwọn ẹ̀ka rẹ̀ kan; ẹ wọlé, ẹ ní ẹ fẹ́ kíláàsì HSE. HSE ni wọ́n ń pe ìwé ẹ̀rí tó dípò ti girama níbẹ̀. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì CUNY, yunifásítì ìlú New York, náà ń ṣe irú kíláàsì bẹ́ẹ̀. Bí ẹ kò bá sì mọ èyí tó sún mọ́ yín, ẹ pe 311, nọ́ńbà fóònù ìjọba ìlú. Wọ́n lè fún yín ní ìdánwò kan tó ń jẹ́ TABE kí wọ́n tó gbà yín. Ẹ má kàwé fún un, ẹ má sì bẹ̀rù rẹ̀: kò sí pé ẹnì kan yege tàbí fìdí rẹmi nínú ẹ̀, wọ́n kàn fẹ́ mọ kíláàsì tí wọn ó fi yín sí ni. Mo ti rí ẹni tó gba ti kíláàsì ìsàlẹ̀ nítorí ìdá nìkan, tó bínú lọ sílé. Ìdá yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ kọ́ ọ.

Kíláàsì nìkan kò ní tó, torí èrò máa ń pọ̀ níbẹ̀. Ẹ sọ fún olùkọ́ kíláàsì pé ẹ ń wá ẹni tí yóò máa jókòó ti ẹ̀yin nìkan. Àwọn ilé ìkàwé máa ń ní àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn fún irú iṣẹ́ yìí, olùkọ́ náà á sì mọ ẹni tó ní sùúrù nínú wọn. Kí ẹ tètè sọ fún un pé iṣẹ́ alẹ́ lẹ ń ṣe. Ẹni tó bá ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé nìkan lòun ráyè, kó mọ ìṣirò bíi kí ni, kò wúlò fún yín. Ọjọ́ ìsinmi yín ni kí ẹ mú.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ má jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ ní ojú ewé kìíní ìwé. Ẹ gbé ìbéèrè kan tí ẹ ti gbìyànjú, tí ẹ sì kùnà, síwájú rẹ̀, kí ẹ wo ọwọ́ rẹ̀. Bó bá gba bírò lọ́wọ́ yín, tó ṣe é kíákíá, tó ní "ṣé ẹ rí i?", ẹ dúpẹ́, ẹ wá ẹlòmíràn. Ẹni tó yẹ yín á fi bírò sílẹ̀ lọ́wọ́ yín. Á ní kí ẹ sọ bí ẹ ṣe dé ibi tí ẹ dé, títí kan ibi tó wọ́, torí inú àlàyé yẹn ló ti máa mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ẹ wá ní kò yé yín, kódà bó yé yín díẹ̀. Ẹlòmíràn á tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ, á kàn gbé ohùn sókè ni. Olùkọ́ gidi á ya àwòrán, tàbí kó mú nọ́ńbà tó kéré, tàbí kó bi yín léèrè iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe.

Bó bá bi yín, ẹ sọ fún un pé aránṣọ ni yín, kí ẹ sì sọ bí ẹ ṣe ń gé síkẹ́ẹ̀tì fíléà. Ẹ ó wọn ìbàdí, ẹ ó pín in sí 6.28. Ìbàdí 30 íǹṣì á fún yín ní nǹkan bí 4.78, ẹ ó mú 4¾ lórí téèpù, ẹ ó wá fi ṣọ́ọ̀kì yí i láti igun aṣọ tí ẹ ṣẹ́. Ọjọ́ wo ni wọ́n sọ fún yín pé áljẹ́bírà nìyẹn? Fọ́múlà C = 2πr tó wà lójú ewé GED lẹ ń lò láti ọjọ́ tó ti pẹ́. C ni ìbàdí, r ni ibi tí ṣọ́ọ̀kì yín dúró sí, 2π sì ni 6.28 tí ìyá aránṣọ ní kí ẹ máa fi pín in. Bí ìbéèrè bá ní kí ẹ wá r, ohun tó ní kí ẹ ṣe nìyẹn. Ìdajì íǹṣì tí ẹ ń fi sílẹ̀ fún ojú rírán lọ́tùn-ún àti lósì, ìdá lẹ fi ń ṣe é. Téèpù tí ẹ ń gbé kọ́rùn ti pín íǹṣì kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà mẹ́jọ, ẹ sì ń kà á láì ronú.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ẹ ń ti àga oníkẹ̀kẹ́ ìyá àgbà yẹn gùn wọ ilé ìwòsàn ńkọ́? Ìlànà Amẹ́ríkà fún irú rẹ̀ ni pé kó má ga ju íǹṣì 1 lọ fún íǹṣì 12 tó bá rìn síwájú. Bí ẹnu ọ̀nà bá fi íǹṣì 24 ga ju ilẹ̀ lọ, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà ní láti gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 24, ó kéré tán. Ohun tí àwọn oníṣirò ń pè ní slope nìyẹn, ìbéèrè rẹ̀ kì í wọ́n nínú GED. Apá yín mọ̀ ọ́n kó tó dé orí ìwé. Tíṣà tó bá lè gbà á lẹ́nu yín, kó so ó mọ́ ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà, òun ni kí ẹ dì mú.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta ìwé ẹ̀rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá ní òun á fún yín ní GED láì jókòó ṣe ìdánwò, olè ni, iléèwé nọ́ọ̀sì kò sì ní gba ìwé rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ti ń kọ́ ọ bọ̀, ẹ ṣe GED Ready, ìdánwò ìgbáradì tí àwọn tó ni GED ṣe. Àwọ̀ ni wọ́n fi ń dáhùn: àwọ̀ ewéko ní ó ṣeé ṣe kí ẹ yege, yẹ́lò ní kò tíì dájú, pupa ní kò tíì jọ pé ẹ ó yege. Ẹ mú èsì náà lọ bá tíṣà kódà bó jẹ́ pupa. Á sọ ibi tó kù fún un ju ẹnu yín lọ.

Bí ti ọ̀fẹ́ kò bá tó, tó di pé ẹ nílò tíṣà olówó, ẹ béèrè iye tó ń gbà ní wákàtí kan, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Èmi ni n ó máa san án. Mo ti bá ìyàwó mi sọ ọ́, ó ti fọwọ́ sí i, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bá wa jiyàn lórí rẹ̀. Ọjọ́ ìsinmi yín tó ń bọ̀ yìí, ẹ kọ́kọ́ ya ilé ìkàwé kí ẹ tó lọ ọjà. Bí wọ́n bá ní kò sí àyè, ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ yín sílẹ̀ de ìgbà tí kíláàsì tuntun bá bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì pè mí bí ẹ bá ti jáde níbẹ̀.

Èmi àbúrò yín,
ní Houston